Òfin jáde ní Tokyo, ó mú ẹnì kan ní Hiroshima

Gbogbo ẹni tó bá ka ìmọ̀ òfin ló mọ gbólóhùn yìí: àìmọ̀ òfin kì í ṣe àwáwí. Èmi náà há a sórí nílé ẹ̀kọ́, mo sì kọ ọ́ sínú ìdánwò láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹjọ́ kan láti orílẹ̀-èdè Japan ló wá jẹ́ kí n tún un rò.

Ní oṣù Kẹfà, ọdún 1954, ìjọba Japan ṣe àtúnṣe sí òfin tó de oògùn olóró kan, wọ́n mú ìjìyà rẹ̀ le sí i. Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ gan-an ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú Kanpō, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, aráàlú sì lè kà á tàbí rà á ní Tokyo láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n wá fi kan ẹnì kan ni pé oògùn ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà. Hiroshima lẹni náà wà, ibẹ̀ sì fi ju 600 kìlómítà lọ jìnnà sí Tokyo. Ìwé wo ló fẹ́ rìn débẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú?

Ṣé òfin tuntun ni wọ́n máa fi dá a lẹ́jọ́ ni, àbí ti tẹ́lẹ̀? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dáhùn lọ́jọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 1958: ti tuntun ni. Wọ́n ní ìgbà tí aráàlú bá ti kọ́kọ́ lè rí Kanpō kà tàbí rà, òfin ti di kíkéde fún gbogbo Japan nìyẹn.

Mo mọ̀ pé kò ní dáa kí òfin bẹ̀rẹ̀ lónìí nílùú kan, kó di ọ̀tunla nílùú mìíràn. Síbẹ̀, ìdájọ́ yìí ò wọ̀ mí létí. Òfin Japan fúnra rẹ̀ ti fàyè sílẹ̀ fún ogúnjọ́ láàárín ìkéde òfin àti ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àfi tí òfin ọ̀hún bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn aṣòfin ló fo ogúnjọ́ yẹn. Kí ló ń lé wọn?

Wọ́n lè sọ pé ó ṣáà sàn ju ti àtijọ́ lọ. Òótọ́ ni. Nígbà ìjọba àwọn Tokugawa, pátákó onígi ni wọ́n fi ń kéde àṣẹ níta gbangba. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìlànà ìdájọ́ tí wọ́n ṣe ní 1742, apá tó sọ ìyà tó tọ́ sí ọ̀daràn, ìwé ìkọ̀kọ̀ ni, ìjòyè díẹ̀ ló láṣẹ láti kà á. Ẹni tí wọ́n fẹ́ bẹ́ lórí ò gbọdọ̀ rí ohun tí wọ́n kọ nípa orí ara rẹ̀! Ìjọba Meiji dé ní 1868, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àṣẹ rẹ̀ jáde, wọ́n ká àwọn pátákó nílẹ̀ ní 1873, Kanpō sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 1883.

Ó dáa, Kanpō ti dé. Ta ló wá lè kà á? Èdè ìwé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nílé ni wọ́n fi ń kọ òfin. Lẹ́yìn ogun, àwọn òǹkọ̀wé bíi Yamamoto Yūzō rọ ìjọba pé kí wọ́n lo èdè tí aráàlú ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe kọ ìwé òfin ilẹ̀ wọn tó jáde lọ́jọ́ 3, oṣù Kọkànlá, ọdún 1946. Wọ́n tún òfin ìgbéyàwó àti ogún kọ ní 1947. Àmọ́ òfin ìwà ọ̀daràn ti 1907 dúró bẹ́ẹ̀ di 1995, ti gbèsè àti dúkìá sì dúró di 2004. Ẹni tó jẹ gbèsè ní Osaka ní 1990, èdè bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, Kanpō orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti di ojúlówó. Ará Hiroshima lè ṣí i níṣẹ́jú kan náà pẹ̀lú ará Tokyo. Inú mi dùn sí èyí. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin ṣì láṣẹ láti fo ogúnjọ́ yẹn, kódà bó jẹ́ òfin tó ń gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Tó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.