Bí Ọ̀gá Kò Bá Sí Nílé, Ṣé Búrẹ́dì Yóò Wú?



Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní Ìkàrẹ́-Àkókó, igba búrẹ́dì jáde láti inú ààrò, kò sì sí ọ̀kan tí ó wú nínú wọn. Wọ́n le, wọ́n sì pẹlẹbẹ bí ẹni pé ènìyàn jókòó lé wọn lórí. Àbúrò mi obìnrin ni ó ni ilé iṣẹ́ náà. Ó kàwé jáde ní Yunifásítì Adékúnlé Ajásin tí ó wà ní Àkùngbá, ó sì fi owó tí ó rọra kó jọ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì. Òṣìṣẹ́ méje ni ó gbà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ó mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń lọ: àgbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá.

Ọ̀fọ̀ ṣẹ Bàbá. Ó lọ sí ìlú rẹ̀ láti sìnkú ìyá rẹ̀, ó sì lo ọjọ́ mọ́kànlá. Fóònù rẹ̀ kò wọlé. Àwọn tí ó kù ń fi ojú díwọ̀n: ẹnì kan ní ẹ̀kúnwọ́ ìwúkàrà méjì ni Bàbá máa ń bù, ẹnì kejì ní mẹ́ta ni. Nítorí pé òtútù mú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹnì kẹta gbé omi kaná kí iṣẹ́ lè yá. Àdánù ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn gbé èrè ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Èyí tí ó dun àbúrò mi jù ni pé àwọn oníbàárà tí ń ta búrẹ́dì fún àwọn ọmọ yunifásítì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, àwọn kan kò sì padà mọ́.

Lóru ọjọ́ náà, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ ojú ìwé mẹ́sàn-án ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Ìlànà iṣẹ́ ni ó pè é. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyẹ̀fun ti bo ojú ìwé àkọ́kọ́. Ojú ìwé kejì kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ya á fi di àkàrà.

Ohun tí ó tún burú ju èyí lọ ni pé Bàbá ti dé, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Mo lọ bá a lẹ́yìn ààrò. Ó wò mí títí, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n Màdáámù, ṣebí bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là á fi bò ó jẹ? Ó lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí ààrò. Bí ẹ bá kọ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ sórí ìwé tán, kí ni ẹ tún fẹ́ fi mí ṣe?”

N kò lè dá a lóhùn lọ́gán. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti aláìmoore, kì í sì í ṣe ti ahun. Ohun tí ó mọ̀ nìkan ni ogún rẹ̀. Kò ní ilẹ̀, kò ní owó ìfẹ̀yìntì, ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi tọ́ ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìlànà iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí kò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí, yóò kọ ìwé títí, ṣùgbọ́n kókó iṣẹ́ kò ní sí nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó mọ kókó náà yóò fi pamọ́.

Ìtàn àwọn awakọ̀ òfuurufú ni mo sọ fún un. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹwàá, ọdún 1935, ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Boeing gbé ọkọ̀ òfuurufú tuntun kan jáde fún ìdánwò níwájú àwọn ológun. Ògbóǹtarìgì ni ẹni tí ó wà á. Ọkọ̀ náà gbéra, ó dorí kọ òkè jù, ó sì já lulẹ̀; ènìyàn méjì bá a lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé ọkọ̀ kò ní àbùkù. Ìdè kan tí a fi ń di ẹ̀yà ìrù ọkọ̀ mú nígbà tí ó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n gbàgbé láti tú. Àwọn ológun kò torí rẹ̀ lé àwọn ọ̀gá awakọ̀ dànù. Wọ́n kọ ohun tí ó gbọ́dọ̀ di ṣíṣe kí ọkọ̀ tó gbéra sórí ìwé pélébé kan, kí awakọ̀ máa kà á bí ó ti wù kí ó gbówọ́ tó. Títí di òní, kò sí awakọ̀ òfuurufú tí ojú ń tì láti ka ìwé rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 2009, a tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde nípa ìwé olójú kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe. Ohun 19 ni ó wà nínú rẹ̀, irú bíi kí a béèrè orúkọ aláìsàn àti ibi tí a fẹ́ là lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní ìlú mẹ́jọ ni wọ́n ti dán an wò, Ifakara ní ilẹ̀ Tanzania sì wà lára wọn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, aláìsàn 15 nínú ẹgbẹ̀rún ni ó ń kú. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó dín sí 8. Dókítà kò di aláìníṣẹ́. Ìwé náà kò mọ abẹ lò, ó kàn ń rán ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò létí ni.

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí n lọ sọ fún Màdáámù pé òun ń gbọ́.

Èmi àti àbúrò mi jíròrò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, kí ó tó kọ ohunkóhun nípa búrẹ́dì, ó kọ ìwé àdéhùn fún Bàbá: pé ìlànà yìí kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé òun ni olùkọ́ àwọn yòókù láti ọjọ́ náà lọ, pé owó oṣù rẹ̀ yóò lé sí i nítorí iṣẹ́ ìkọ́ni, àti pé orúkọ rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀ ìlànà náà. Wọ́n buwọ́ lù ú. Ìgbà náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí ó lè wúlò fún ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ilé ìpo oògùn, oko adìẹ, tàbí tí ẹ jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka kan ní ọ́fíìsì.

Wọn kò ní kí Bàbá jókòó kí ó máa ròyìn. Ohun tí ó ti mọ́ ènìyàn lára kì í rántí rẹ̀ sọ. Àbúrò mi dúró tì í fún òwúrọ̀ mẹ́ta, ó ń wò, ó sì ń kọ. Nígbà tí Bàbá bá bu ìwúkàrà, yóò gbé e lé òṣùwọ̀n kí ó tó dà á sínú ìyẹ̀fun. Ẹ̀kúnwọ́ Bàbá wá di iye gíráàmù fún àpò 50 kílò kan. Ní òwúrọ̀ kejì, ó rí i tí Bàbá ti ọrùn ọwọ́ bọ omi. Ó béèrè ìdí. Bàbá ní: “Ṣé ẹ kò mọ̀ ni? Omi gbígbóná ń pa ìwúkàrà. Kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.” Ohun tí ó ba igba búrẹ́dì jẹ́ nìyẹn, kò sì sí nínú ojú ìwé mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, torí Bàbá rò pé gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n.

Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tí wọ́n ń sọ nídìí ààrò. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì ń sọ iṣẹ́ kan: Wọn ìyẹ̀fun. Fi ọwọ́ wo omi. Má ṣe fi bromate sí i, NAFDAC ti fòfin dè é. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún ọmọbìnrin tí ó kéré jù nínú wọn ní ìwé náà, wọ́n ní kí ó ṣe é láìbéèrè nǹkan kan, kí ẹnikẹ́ni má sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó dúró tí ó ń wò yàà. Níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìwé ti kù díẹ̀ káàtó, wọ́n sì tún un ṣe.

Nígbà tí ó di oṣù Ṣẹẹrẹ, wọ́n ṣí ẹ̀ka kékeré kan sí Ọ̀kà. Ìlànà kan náà ni wọ́n gbé lọ, síbẹ̀ búrẹ́dì kò wú tó. Ẹnu ya gbogbo wọn. Bàbá gòkè lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa gọ̀gọ̀wú rẹ̀ mọ́ra, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Orí òkè ni Ọ̀kà wà, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Ìyẹ̀fun pípò kì í tètè wú nínú òtútù. Ìwé sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Wọ́n pa á rẹ́, wọ́n kọ ọ́ báyìí: Fi í sílẹ̀ títí yóò fi tóbi ní ìlọ́po méjì. Mo rí ọgbọ́n níbẹ̀. Aago nìkan kò tó. Ẹ kọ àmì tí ojú yóò rí, kí òṣìṣẹ́ lè mọ ìgbà tí iṣẹ́ dára. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún ìwé náà yẹ̀ wò, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀ ni ó sì ní àṣẹ láti sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jẹ́ ọ̀gá, ẹ bi ara yín léèrè ní ọ̀sẹ̀ yìí: ta ni ó jẹ́ pé bí kò bá wá sí ibi iṣẹ́ lọ́la, iṣẹ́ yóò dúró? Ẹ má tíì mú kálámù. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá a sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni ìmọ̀ wà, ẹ má ṣe kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má sì ṣe gbé e wọ ibojì. Ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín, kí ẹ sì kọ́ni.

Ní oṣù tí ó kọjá, Bàbá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé. Ẹnikẹ́ni kò pè é nítorí iṣẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ni ó pe àbúrò mi.

“Màdáámù, ṣé ó ń wú?”

“Ó ń wú, Bàbá. Owó oṣù yín sì ti wọlé.”