Fọ́máàtì Kọ́ Ni Oògùn Gbogbo Àìsàn Dísìkì

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà ni mo ti mú un wá, kì í ṣe inú ìwé gírámà. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Ọ̀rọ̀ èdè ni, bí a bá tú u dé ìdí.

Ọ̀rọ̀ kan gbòde ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní agbègbè Yewa wa yìí, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, títí dé ẹnu ibodè ní Ìdí-Ìrókò. Fọ́máàtì ni ọ̀rọ̀ náà. Bí kọ̀ǹpútà bá lọ́ra, wọn a ní kí a fọ́máàtì rẹ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ inú rẹ̀, fọ́máàtì. Bí ẹ̀rọ bá kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a bẹ̀ ẹ́, fọ́máàtì náà ni. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kan yìí ti gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́fà ṣe, àti pé nítorí rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pàdánù iṣẹ́ ọdún gbọọrọ lórí ìṣòro tí kò ju kí a sún ààlà kan díẹ̀ lọ. Ìṣòro kan pàtó ni n ó fi ṣàlàyé: ti ìmúyára dísìkì.

Àwọn kan nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rà ní ibi ìpamọ́ méjì nínú. Ọ̀kan ni háàdì dísìkì ńlá, èyí tí àwo inú rẹ̀ ń yí bí ọlọ ìgbàlódé, tí ó ń gba nǹkan púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ó lọ́ra. Èkejì ni ẹ̀yà pẹlẹbẹ kékeré kan tí ń jẹ́ Optane, 16GB tàbí 32GB, tí kò ní ohun kankan tí ń yí nínú, tí ó sì yára púpọ̀. Ẹ wo ìyá olóúnjẹ lọ́jà. Àpò gàrí àti àpò ìrẹsì rẹ̀ wà nínú yàrá lẹ́yìn. Iyọ̀, ata gígún àti epo tí ó ń bù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó wọn láìdìde. Iṣẹ́ ẹ̀yà kékeré yìí nìyẹn. Ẹ̀rọ a máa ṣọ́ ohun tí ẹ ń lò lemọ́lemọ́, a sì kó ẹ̀dà rẹ̀ sí ìtòsí.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Windows Vista ti mú ReadyBoost wá ní ọdún 2007, tí ó ń fi fláàṣì ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2011 Intel gbé Smart Response jáde, tí ó lè lo tó 64GB lára SSD láti fi mú háàdì dísìkì yára. Optane tẹ̀ lé e ní ọdún 2017. Ní oṣù Keje ọdún 2022 Intel kéde pé òun ń pa iṣẹ́ Optane tì, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti tà kò tíì kú. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. (Àwọn olùtajà kan wà tí ń ka 16GB Optane pọ̀ mọ́ 8GB RAM, tí wọ́n á sì kọ 24GB síwájú ọjà. Ẹni tí ó bá rí irú rẹ̀ kí ó béèrè iye RAM gan-an.)

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ bọ́tìnì kí ìmúyára bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á sì kọ̀. Á ní kò sí àyè tó ní ìparí dísìkì. Ó kéré tán, òun ń fẹ́ 5MB. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n, ó ní kò sí àyè." Èsì kò ní pẹ́: "A máa fọ́máàtì ẹ̀ ni."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Dísìkì 1TB máa ń fara hàn nínú Windows bí nǹkan bíi 953,869MB. 5MB nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ìdá 190,000. Nítorí èyí ni wọ́n fẹ́ fi nu gbogbo dísìkì. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó lọ gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀ka-èdè Ọ̀họ̀rí. Orí kẹta àti orí kẹrin iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú láptọ́ọ̀pù náà pẹ̀lú àwọn ohùn yẹn. Wọ́n nu dísìkì rẹ̀ nítorí 5MB. Orí ìwé ṣeé tún kọ. Ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà náà ti di ará ọ̀run, a kò sì lè tún lọ gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀ mọ́.

Kí ni ẹ̀rọ náà ń béèrè ní tòótọ́? Ẹ̀rọ ìmúyára ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré tirẹ̀ tí ó fẹ́ kọ sí ìparí dísìkì, kí ó lè máa rántí pé ibi ìpamọ́ méjì wọ̀nyí ti di ọ̀kan. Ilẹ̀ tí kò sí ní ìkáwọ́ ìpín kankan ni ó ń fẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí Disk Management nínú Windows tí ẹ wo bí wọ́n ti pín dísìkì náà, ẹ ó sábà rí i pé ìpín kékeré ti EFI ni ó ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni C tí ó gba ilẹ̀ jù lọ, lẹ́yìn C ni ìpín ìmúpadàbọ̀sípò tí ó kún dé etí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọnù nìyí: wọ́n á dín C kù, wọ́n á rí ilẹ̀ òfìfo, inú wọn á dùn, ẹ̀rọ á sì tún kọ̀. Àárín ni òfìfo wọn bọ́ sí, ìparí ni ẹ̀rọ sì ń wí. Bí ẹ bá dín C títí tí ó fi ku ìdajì, ẹ̀rọ kò ní gbà.

Bí ó bá jẹ́ pé C ni ó kẹ́yìn, ẹ dín in ní 10MB péré, ó parí. Bí ó bá jẹ́ ìpín ìmúpadàbọ̀sípò ni ó kẹ́yìn, Disk Management kò ní lè sún un fún yín. Ètò ọ̀fẹ́ tí ń jẹ́ GParted, tí a lè ti orí fláàṣì tan ẹ̀rọ sí, lè gé díẹ̀ ní ìdí ìpín náà, tàbí kí ó sún gbogbo rẹ̀ sínú àyè tí ẹ ti dín lára C, kí òfìfo lè bọ́ sí ìparí. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pa Windows pátápátá, kì í ṣe kí ẹ jẹ́ kí ó sùn. Ẹ má sì ṣe dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tí iná NẸ́PÀ nìkan gbé ró. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹrù ìpín wà lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ á di méjì. Ẹ̀dà àwọn fáìlì yín kò sì gbọdọ̀ ṣàìsí níbòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ìdí mìíràn tún wà tí ẹ̀rọ lè fi kọ̀. Bóyá ọ̀nà àtijọ́, MBR, ni wọ́n fi pín dísìkì náà, ọ̀nà tí ó ti wà láti ọdún 1983, tí kò gbà ju ìpín gidi mẹ́rin lọ. GPT ni Optane ń fẹ́. Àwọn kan ti gbìyànjú láti dá ìpín karùn-ún, Windows sì bi wọ́n bóyá kí ó sọ dísìkì náà di èyí tí ó ń pè ní Dynamic. Wọ́n fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni láìkà á, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn ti ìlẹ̀kùn ìmúyára. Láti kúrò lórí MBR bọ́ sí GPT, Disk Management yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ìpín rẹ́. Ṣùgbọ́n mbr2gpt, tí ó bá Windows 10 wá ní ọdún 2017, ń yí i padà láìpa fáìlì kankan rẹ́, bí ìpín gidi kò bá ti ju mẹ́ta lọ. Ó tilẹ̀ ní ọ̀nà tí a fi lè ní kí ó kàn yẹ dísìkì náà wò ná, kí ó sọ bóyá iṣẹ́ náà á ṣeé ṣe. Iṣẹ́ kan náà, ọ̀nà méjì: ọ̀kan ń sọni dòfo, èkejì kò fọwọ́ kan ẹrù ẹni. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Nípa ti BIOS, gbólóhùn díẹ̀ tó. Bí ẹ bá yí ètò dísìkì láti AHCI sí ti RST lójijì, Windows lè kọ̀ láti jí. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ó jí sí Safe Mode lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ tó yí i. Bí BitLocker bá ti ti dísìkì náà, ẹ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ tó wọ BIOS rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Nígbà tí Yorùbá bá yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì tẹnu mọ́ ni ó sábà máa ń gba ohùn òkè lẹ́nu wa. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́máàtì ṣe fi fọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ dáadáa lè ronú kan ìkòkò tí ó fọ́, kí ẹ̀rù sì bà á. Ṣùgbọ́n ó jọ lójú mi pé fọ̀ ni àwọn oníbàárà ń gbọ́, bí a ṣe ń fọ aṣọ tí ìdọ̀tí tán lára rẹ̀ tí aṣọ sì wà. Òun ni wọ́n fi ń yára gbà. Kò sí nínú méjèèjì tí ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún oníkọ̀ǹpútà.

Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àgbẹ̀ tí ń fi pẹ̀rẹ̀gún sàmì ààlà oko ní Yewa mọ̀ pé pínpín yàtọ̀ sí sísún, sísún yàtọ̀ sí dídínkù. Kí ló dé tí a kò lè máa pe partition ní ìpín, kí a pe ibi tí kò bọ́ sínú ìpín kankan ní ilẹ̀ òfìfo, kí a pe àkọsílẹ̀ MBR tàbí GPT ní àwòrán ààlà? Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́fà ni mo ń dábàá: pín dísìkì, dín ìpín, sún ìpín, yí àwòrán ààlà padà, nu ìpín, tún Windows gbé kalẹ̀. Márùn-ún nínú wọn kò sọ pé kí fáìlì yín lọ. Bí ó bá lọ, a jẹ́ pé wọ́n nù ún pẹ̀lú ni. Ẹni tí wọ́n bá bi pé "Ṣé kí n nù ún?" á rántí ohun tí ó wà níbẹ̀ kí ó tó dáhùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá ti tó. Èmi náà kò kórìíra àyálò. Dísìkì tí mo ń pè láti òwúrọ̀, àyálò ni. Àyálò tí ó bo ìyàtọ̀ mọ́lẹ̀ ni mo ń bá jà.

Àwa ará etí ibodè kò sì yẹ kí á ṣi àwòrán ààlà mú fún ilẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ní Paris. Ìlà tí ó ti ibẹ̀ wá fi Kétu sọ́wọ́ Faransé, ó fi Ìmẹ̀kọ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ìtàn àwọn tí ìlà náà là láàárín sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1976. Àwòrán yí padà lóòótọ́. Àwọn ènìyàn kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Bákan náà ni háàdì dísìkì. Bí ìpín bá parẹ́ nínú àwòrán, ohun tí ó wà lórí àwo ṣì wà títí nǹkan mìíràn yóò fi gun orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí TestDisk, ètò ọ̀fẹ́ kan, fi lè wá ààlà àtijọ́ rí. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe kọ nǹkan tuntun sí i. Ti SSD le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí a bá ti fọ́máàtì rẹ̀, Windows a sọ fún un pé ilẹ̀ náà ti ṣófo, òun náà a sì gbá a mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo sọ yẹn rí díẹ̀ gbà padà nínú àwọn ohùn rẹ̀. Wọ́n ti tún Windows gbé kalẹ̀ lórí ìyókù.

Bí ẹ bá bi mí bóyá ìmúyára náà tó wàhálà rẹ̀, ó tó o fún ẹni tí ẹ̀yà náà ti wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tí kò sì ní owó míì. Ẹni tí ó ní owó SSD lọ́wọ́, kí ó rà á, kí ó fi rọ́pò háàdì dísìkì, kí ó sì sọ èyí àtijọ́ di ibi tí yóò máa kó ẹ̀dà fáìlì sí. Kí ó kọ́kọ́ dá ìmúyára dúró láti inú Windows kí ó tó tú ìdè ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ṣì so pọ̀, apá kan nínú ohun tí ó yẹ kó wà lórí háàdì dísìkì lè wà nínú ẹ̀yà kékeré yẹn, ẹni tí ó bá sì fa ọ̀kan yọ yóò bá dísìkì tí kò ṣeé kà.