Kì Í Ṣe Gbogbo Àlejò Là Ń Fún Ní Kọ́kọ́rọ́ Ilé

Àgbẹ̀ kòkó kan ní Ofosu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, lè má fojú kan ẹ̀rọ sáfà rí láyé rẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá ti gba nọ́mbà ìdánimọ̀ NIN, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti àmì ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí sáfà. Nítorí náà, ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà fi sọ́fútíwíà sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan.

Lórí sáfà Linux, root ni olórí gbogbo aṣàmúlò. Ó lè ka fáìlì gbogbo, ó sì lè pa wọ́n rẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá fi agbára root gbé sọ́fútíwíà wọlé, àwọn àṣẹ tó wà nínú sọ́fútíwíà náà lè lo agbára kan náà. Ẹni tí òṣìṣẹ́ kò mọ̀ rí ti di onílé nìyẹn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tó wádìí, ó rí ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ti XZ Utils. Ẹni tó ń jẹ́ Jia Tan ti fi ohun tó lé ní ọdún méjì bá wọn ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fọkàn tán an. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé pínpín àṣẹ ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1980 ni sudo ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Pẹ̀lú rẹ̀, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gba kìkì àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò, àkọsílẹ̀ yóò sì fi hàn ẹni tó lò ó. Sọ́fútíwíà tí kò nílò root kò gbọdọ̀ gba root. Kí ó ní aṣàmúlò tirẹ̀. Níbi tí ènìyàn mẹ́ta bá ti jùmọ̀ ń lo páásìwọ́ọ̀dù root kan, ta ni wọn yóò mú bí nǹkan bá bàjẹ́?

Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 pàṣẹ ààbò tó péye fún dátà. Bí jíjò rẹ̀ bá lè pa ènìyàn lára, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NDPC létí láàárín wákàtí 72. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn olè ni ìyẹn. Àgbẹ̀ lè pààrọ̀ àgádágodo ilé ìkó-kòkó-sí. Kò lè pààrọ̀ ìka ọwọ́ rẹ̀. Kí NDPC máa bi gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú dátà ará ìlú léèrè ṣáájú: àwọn wo ló ní agbára root níbẹ̀, kí ni wọ́n sì fi ń ṣe?