Iṣẹ́ Àgbàṣe Òkèèrè àti Òfì Àwọn Ìyá Wa

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe yìí ló sọ sí wa lọ́kàn bí àwa ọmọ Òkun, láti Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà títí dé Ọ̀wọ́rọ̀, ti ń wo àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àgbàṣe fún ọ̀gá tí wọn kò fojú kàn rí.

Nígbà òtútù òyìnbó, bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá lù ní ìlú wa Kàbà, tí àgbẹ̀ ń ti oko bọ̀, agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Kalifóníà. Nítorí náà ọmọ tó gba iṣẹ́ ibẹ̀ yóò jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ yóò máa kùn lẹ́yìn fèrèsé, títí òru yóò fi jìn. A kò bá a wí, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà, dọ́là tó ń gbà a sì máa san owó ilé-ìwé àbúrò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó mọ ọ̀nà wá mọ ọ̀nà lọ. Ilé-iṣẹ́ Andela, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, tó ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà náà tó sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, dá nǹkan bí 400 lára wọn dúró ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà ní oṣù Kẹsàn-án 2019, nígbà tí àwọn oníbàárà ní àgbà ọ̀jẹ̀ nìkan làwọn ń fẹ́.

Ojú wa ti rí irú rẹ̀ rí. Láyé tí Kàbà wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, Kàdúná ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa gbà lọ wáṣẹ́, níbi tí ilé ìhunṣọ KTL ti ṣílẹ̀kùn ní 1957. Nígbà tó yá, iná mànàmáná di ṣégeṣège, epo tí ẹ̀rọ ń mu gbówó lórí, àwọn ará Ṣáínà sì ń fi àwòrán àǹkárá tiwa gan-an tẹ aṣọ tó pọ́ọ́kú wá sọ́jà wa. KTL tì ní 2002, ilé ìhunṣọ UNTL tẹ̀ lé e ní 2007. Àwọn tó fi ìgbà èwe wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi ọdún gbọọrọ retí ẹ̀tọ́ wọn.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ jẹ́ ká bi àwọn ìyá wa ní Bùnú léèrè. Nígbà tí wọn kò rí òwú pupa tó wù wọ́n, wọ́n ra búláńkẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn tó ti òkè òkun wá, wọ́n jókòó, wọ́n tú u ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n sì fi òwú náà hun aṣọ ipò lórí òfì tiwọn, aṣọ iyì tí a fi ń ṣẹ̀yẹ òkú àwọn ẹni ńlá. Òyìnbó ló ni búláńkẹ́ẹ̀tì; Bùnú ló ni ipò.

Kí ìjọba fún wa ní iná tí kò ṣẹ́jú àti íntánẹ́ẹ̀tì tí kò já, kí a lè rí òfì gbé kalẹ̀ nílé. Ní ti ọ̀dọ́ wa, kí ó gba búláńkẹ́ẹ̀tì tí òyìnbó nà sí i, ṣùgbọ́n kí ó má fi bora sùn. Kí ó tú u, kí ó fi òwú rẹ̀ hun tirẹ̀.