Ta Ni Ó Ni Bàálù Yìí?

Kò sí awakọ̀ dáńfó kan ní Ìjanikin tí ó lè fi ọkàn balẹ̀ gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde láàárọ̀ láìní nọ́mbà níwájú àti lẹ́yìn. Bí ó bá dán an wò, kí ó tó dé Àgbárá ni àwọn ọlọ́pàá yóò ti dá a dúró. Bí ó bá sì lọ fi àkísà bo nọ́mbà náà, ọ̀ràn rẹ̀ yóò burú ju ti ẹni tí kò ní nọ́mbà rárá lọ, nítorí gbogbo ènìyàn ni yóò gbà pé ó ní ohun tí ó ń sá fún. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ wọn ní òpópónà Èkó sí Badagry mọ ohun tí a ń wí. Ṣùgbọ́n bí bàálù aládàáni bá kọjá lókè orí wọn, tí wọ́n sì béèrè ẹni tí ó ni ín, ìbéèrè náà lè má rí ìdáhùn títí ọjọ́ yóò fi kanrí.

Ohun tí ó mú wa sọ ọ̀rọ̀ yìí ni àṣà kan tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ wa yóò fẹ́ràn bí wọ́n bá gbọ́ nípa rẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé wọn kò tíì gbọ́. Àṣà náà ni pé kí bàálù aládàáni máa jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lórí rédíò, kí aráyé má bàa mọ ẹni tí ń kọjá.

Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pé jọ ní Chicago ní oṣù kejìlá ọdún 1944, wọ́n fi ẹnu kò pé bàálù kọ̀ọ̀kan tí ó bá ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn gbọ́dọ̀ gbé àmì ilẹ̀ rẹ̀ àti nọ́mbà rẹ̀ sára. Wọ́n tún fi kún un pé bí orílẹ̀-èdè kan bá béèrè ẹni tí ó ni bàálù kan lọ́wọ́ èkejì, èkejì náà gbọ́dọ̀ dáhùn. Lára irú àmì ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni 5N ti Nàìjíríà, àti 9G ti Ghana, TY ti Benin, 5V ti Tógò, pẹ̀lú N ti Amẹ́ríkà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nọ́mbà tí ó wà lára bàálù aládàáni náà ni awakọ̀ rẹ̀ fi ń pe ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ń bá àwọn olùdarí inú ilé gogoro sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pe rẹ́jísítà ní kíláàsì rí yóò tètè lóye rẹ̀. Olùdarí pe orúkọ, awakọ̀ dáhùn, wọ́n sì mọ ẹni tí ó dáhùn. Olùkọ́ sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí nígbà tí ọmọ kan bá ń dáhùn sí orúkọ ẹlòmíràn.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn iléeṣẹ́ kan wà tí ìjọba fi àyè gbà láti máa fún onímọ̀ọ́-bàálù ní orúkọ ìpè mìíràn. Ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni «Dotcom», tí wọ́n ń kọ ní DCM sínú ìwé ètò ìrìn-àjò, tí nọ́mbà kan yóò sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ń fetí sí rédíò láti ìta yóò gbọ́ Dotcom báyìí-báyìí, kò sì ní mọ ọlọ́lá tí ó jókòó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnu nìkan kò tó láti fi ara pamọ́. Bàálù òde òní ní ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní ADS-B, tí ń kéde láìsinmi ibi tí bàálù wà, bí ó ti ga tó àti bí ó ti ń sáré tó, pẹ̀lú àmì ìdánimọ̀ tí ó jẹ́ ti bàálù náà nìkan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020 ni ẹ̀rọ yìí ti di dandan ní ibi púpọ̀ lójú òfurufú Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí ìgbà yẹn náà ni FAA, àjọ tí ń mójútó ọ̀ràn òfurufú níbẹ̀, dá ètò mìíràn sílẹ̀, pé ẹni tí ó bá ti gba orúkọ ìpè àfirọ́pò lè gba àmì ìdánimọ̀ àfirọ́pò pẹ̀lú. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 tún fi àyè sílẹ̀ kí onítọ̀hún bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ orúkọ àti àdírẹ́sì òun kúrò nínú ìwé tí gbogbo ènìyàn lè kà, FAA sì ti ń gba irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2025.

Kí ni wọ́n ń sá fún? Ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn ADS-B kò wọ́n. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìjanikin tí ó bá ní kọ̀ǹpútà lè gbé eríàlì kékeré kan sórí òrùlé kí ó sì máa ka nọ́mbà àwọn bàálù tí ń gba etíkun kọjá lọ sí Accra. Irú ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ kan ní Florida ni ó ń sọ fún aráyé ibi tí bàálù Elon Musk ń lọ, títí iléeṣẹ́ Twitter, tí Musk ti rà nígbà náà, fi lé e kúrò lórí pèpéle wọn ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Ní ọdún yẹn kan náà, Bernard Arnault, olówó ńlá ilẹ̀ Faransé, sọ ní gbangba pé iléeṣẹ́ òun ti ta bàálù wọn, pé èyí tí òun ń yá ni òun ń wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ibi tí òun ń lọ. Kí á má gbàgbé ti ọdún 2019: àwọn kan rí bàálù iléeṣẹ́ epo Occidental ní Omaha, ìlú Warren Buffett, wọ́n sì ti fura kí ìròyìn tó jáde pé Buffett fẹ́ fi bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là ran iléeṣẹ́ náà lọ́wọ́.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì wá gbọ́. A kò ní bàálù, a kò sì retí láti ní, ṣùgbọ́n a kò torí ìyẹn jowú ẹni tí ó ní. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra bàálù ní ẹ̀tọ́ láti lọ kí ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo ìlú mọ̀. Ní ilẹ̀ tí àwọn ajínigbé ti ń dúró de ènìyàn lójú ọ̀nà, kí ayé mọ wákàtí tí olówó kan balẹ̀ àti pápá tí ó balẹ̀ sí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó sì yẹ kí á sọ òtítọ́ nípa ètò Amẹ́ríkà yìí: kò bo ojú ìjọba. FAA mọ ẹni tí ó wà lẹ́yìn àmì àfirọ́pò kọ̀ọ̀kan, àmì náà kò sì wúlò bí bàálù bá ti jáde kúrò ní ojú òfurufú Amẹ́ríkà. Bí ó bá ń bọ̀ ní Èkó, àmì rẹ̀ gan-an ni yóò gbé wá.

Bí egúngún ni ọ̀ràn náà rí. Nígbà tí egúngún bá jáde, ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ mọ ẹni tí ó wà nínú ẹ̀kú, ṣùgbọ́n Alágbàá mọ̀ ọ́n. Bí egúngún bá lu ọmọ ènìyàn ní àlùbolẹ̀, Alágbàá mọ ilé tí yóò lọ kàn. Àwọn ará wa Ògù ní Badagry ní Zangbeto, tí ń ṣọ́ ìlú lóru láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú rẹ̀, síbẹ̀ ìlú mọ àwọn àgbà tí wọn yóò bi léèrè bí ohun kan bá ṣẹ́ yọ. Ẹ̀kú kò bà wá lẹ́rù. Èyí tí ó ń bà wá lẹ́rù ni ẹ̀kú tí kò ní Alágbàá, irú rẹ̀ ni ó sì pọ̀ ní ilẹ̀ wa.

Nítorí ní Nàìjíríà, àwọn ọlọ́lá kò tilẹ̀ nílò orúkọ Dotcom. Wọ́n ti rí ọ̀nà tí ó rọrùn ju ìyẹn lọ, èyí ni kí wọ́n forúkọ bàálù sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, kí báńkì kan níbẹ̀ sì máa bá wọn di orúkọ mú. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2013. Gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers nígbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Rótìmí Amaechi, ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú igbákejì gómìnà Èkìtì, Olóògbé Fúnmi Oláyínká, nígbà tí wọ́n dá bàálù rẹ̀ dúró ní pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n ní ìwé orúkọ èrò rẹ̀ kò pé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn aláṣẹ òfurufú kéde pé bàálù tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ti Ìpínlẹ̀ Rivers, àmì Amẹ́ríkà ni ó gbé, àti pé Bank of Utah ni ìwé fi hàn gẹ́gẹ́ bí oní-nǹkan. Ìjọba Rivers fèsì pé àwọn ni wọ́n ni ín, pé báńkì náà kàn ń bá wọn di orúkọ mú ni, gẹ́gẹ́ bí òfin Amẹ́ríkà ti fi àyè gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀.

Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ pín sí méjì lórí ọ̀ràn náà. Àwọn kan ní ìṣèlú ni, nítorí Gómìnà náà àti Ààrẹ ìgbà náà kò rẹ́ mọ́. Àwọn mìíràn ní òfin ni òfin. Lójú tiwa, ó ṣeé ṣe kí ìhà méjèèjì ní òtítọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, òun gan-an ni ó sì yẹ kí ó dùn wá. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé tí ó ṣe kedere wà ní ilẹ̀ wa, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò, ìjọba kò ní lè fi ìkọ̀kọ̀ náà ṣe ohun ìjà lọ́jọ́ tí ó wù ú, gómìnà kò sì ní rí ibi sá sí. Àwọn ará Rivers tí bàálù náà jẹ́ tiwọn ní láti dúró di ọjọ́ tí alágbára méjì jà kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ tí ó wà nínú ìwé bàálù wọn.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ti South Africa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, bàálù aládàáni kan gbéra láti Àbújá lọ sí pápá Lanseria, wọ́n sì bá mílíọ̀nù 9.3 dọ́là nínú àpótí níbẹ̀. Ìjọba wa ní owó ohun ìjà ni. Bàálù náà jẹ mọ́ ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni ní ìgbà náà, òun náà sì ṣàlàyé pé wọ́n ti yá iléeṣẹ́ mìíràn ni. Àwọn tí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí ogun abẹ́lé yóò rántí pápá Uli, tí wọ́n ń pè ní «Annabelle» lórí rédíò, níbi tí bàálù ti ń balẹ̀ nínú òkùnkùn, tí òmíràn nínú wọn sì gbé nọ́mbà tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn kan gbé oúnjẹ fún ọmọ tí ebi ń pa, àwọn kan gbé ìbọn. Òkùnkùn kan náà ni ó bo àwọn méjèèjì.

A gbà pé ìjọba ti ń gbìyànjú díẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, iléeṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù pe gbogbo ẹni tí ó fi ìwé àṣẹ onígbà díẹ̀ mú bàálù aládàáni wọ ilẹ̀ yìí pé kí wọ́n kó ìwé wọn wá, wọ́n sì sún àkókò náà síwájú. Ní ọdún kan náà, NCAA, àjọ tí ń mójútó ọ̀ràn òfurufú, gbẹ́sẹ̀ lé ìwé àṣẹ àwọn kan tí wọ́n ní ó ń fi bàálù aládàáni gbé èrò gba owó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé owó orí nìkan ni ọ̀ràn yìí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni àjọ CAC ti ṣí ìwé kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi wo àwọn ènìyàn tí agbára iléeṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn gan-an. Bí ó bá ṣeé ṣe fún iléeṣẹ́, kí ni ó dí i lọ́wọ́ fún bàálù? Kí NCAA ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún gbogbo bàálù aládàáni tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ 5N ni ó gbé tàbí N tàbí àmì erékùṣù kan ní òkèèrè. Kí wọ́n kọ orúkọ ènìyàn ẹlẹ́ran ara síbẹ̀, kì í ṣe ti báńkì. Nígbà tí èyí bá ti wà ni a tó lè jókòó sọ̀rọ̀ nípa fífún ọlọ́lá ní orúkọ àfirọ́pò nítorí ààbò, a kò sì ní ṣàtakò sí i.

Ti àwọn tí ń ná owó ìlú yàtọ̀. Yàtọ̀ sí Olórí orílẹ̀-èdè àti àwọn ọmọ ogun tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, a kò rí ìdí tí ìrìn-àjò tí a fi owó ìlú san yóò fi jẹ́ àṣírí lẹ́yìn tí oníṣẹ́ ìlú náà bá ti dé ilé ní àlàáfíà. Ọgbọ́n tí Arnault dá kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa: gómìnà tí kò fẹ́ kí á mọ bàálù òun, yíyá ni yóò máa yá a. Ìwé orúkọ kankan kò lè mú irú rẹ̀, àfi ìwé owó. Òpópónà Badagry tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tún ṣe ní ọdún 2009 ti sọ àwọn tí ń gbé ní Ìjanikin di onísùúrù, ṣùgbọ́n kò sí ihò kankan lójú òfurufú tí yóò rán aláṣẹ létí ohun tí ojú wọn ń rí.

Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ tí ó wù kí ó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi aṣíwájú tiyín léèrè kí ẹ tó bi ti ẹlòmíràn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ lẹ́tà í kọ. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti wà láti ọdún 2011, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó de gbogbo ìpínlẹ̀. Kí ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì Gómìnà yín pé: ní ọdún tí ó kọjá, ìgbà mélòó ni ẹ wọ bàálù aládàáni, láti ibo dé ibo, èló ni ẹ san, ta ni ó sì gba owó náà? Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn.