Ojú Kì Í Ṣe Aṣọ Tí Wọ́n Ń Lọ̀

 Nọ́ọ̀sì yín ni.

Ìpolówó kan ti kún orí fóònù báyìí: "Ẹ wá ká mú awọ ojú àti ọrùn yín le. Kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí ewu." Òótọ́ ni pé kò sí iṣẹ́ abẹ. Pé kò sí ewu, irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ awọ. Inú awọ ni collagen wà, òun ló ń jẹ́ kí awọ dúró ṣinṣin. Lábẹ́ awọ ni ọ̀rá. Lábẹ́ ọ̀rá ni ìpele fẹ́lẹ́ kan tó yi, tó so mọ́ iṣan tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́ tí nǹkan oṣù bá dúró, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 collagen awọ lè lọ. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe iṣẹ́ ayé. Ìpara kò sì lè gbé ọrùn tó ti rọ̀ sókè, nítorí kì í dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀.

Ẹ̀rọ HIFU ń dé ibẹ̀. Ooru rẹ̀ lè wọlé tó mílímítà 4.5. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà! Níwájú etí ni okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá sí ojú ti pín sí ẹ̀ka 5. Ọ̀kan ń gba etí egungun párì kọjá, òun ló ń darí ètè ìsàlẹ̀. Bí ooru bá pa á lára, ẹnu á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò, àmọ́ ó lè gba oṣù.

Ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kún ojú tún burú jù. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ imú àti ti iwájú orí so pọ̀ mọ́ èyí tó ń bọ́ ẹyinjú. Bí oògùn bá ṣèèṣì wọ inú rẹ̀, èèyàn lè fọ́jú, ìfọ́jú náà kì í sì í sábà lọ.

Wọ́n á ní wọ́n ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 2009 ni àjọ FDA ibẹ̀ gba irú ẹ̀rọ yìí láyè láti gbé òkè ojú tó rọ̀ sókè. Ẹ̀rọ kan pàtó ni, kì í ṣe ayédèrú tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ń lò níbi tí wọ́n ti ń dirun.

N kò bá ẹwà jà o. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ojú yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í pé:
1. Ṣé dókítà ni yín? Ìwé àṣẹ yín dà?
2. Kí ló ń gba abẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn yìí kọjá?
3. Bí nǹkan bá yíwọ́, oògùn wo lẹ ní nílẹ̀?

Bó bá ń kálòlò, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Bí ojú bá ṣókùnkùn lójijì tàbí awọ funfun báláú lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ńlá ní kíá!

Ẹ fi agbòjò bo oòrùn. Ẹ jáwọ́ nínú ìpara ìbóra, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ awọ di fẹ́lẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.