Bí Mo Ṣe Fi Ọwọ́ Ara Mi Pa Máàkì Àwọn Ọmọ Iléèwé Rẹ́

Ọmọkùnrin kan tí ó ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà kọ̀wé sí mi pé òun ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta, pé Linux ni òun ń lò lórí wọn, àti pé òun fẹ́ mọ bí a ti ń ṣe ẹ̀dà odindi dísíkì, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, òun yóò gbé e dìde lọ́jọ́ kan náà. Ìbéèrè rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n kí n tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, nítorí mo ti ṣubú lójú ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà yìí.

Ní ọdún 2019, dísíkì kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì iléèwé wa bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ ni máàkì ọmọ 112 wà, ti táàmù méjì gbáko. Ọ̀gá wa ra dísíkì tuntun, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà, 500 GB sí 500 GB. Mo fi fíláàṣì tí Linux wà nínú rẹ̀ tan ẹ̀rọ náà, mo tẹ lsblk, mo sì rí i pé dísíkì àtijọ́ ń jẹ́ sda, tuntun ń jẹ́ sdb. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, mo fi í sápò. Tíṣà ni mí; mo fẹ́ràn àkọsílẹ̀.

Àfi bí iná ṣe lọ. Nígbà tí ó dé, mo tún ẹ̀rọ tàn, n kò tẹ lsblk mọ́, mo yọ ìwé mi lápò, mo sì tẹ àṣẹ yìí:

sudo dd if=/dev/sda of=/dev/sdb bs=4M

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé Linux kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn pé dísíkì tí ó ń jẹ́ sda láàárọ̀ ni yóò máa jẹ́ sda lọ́sàn-án. Bí a bá pa ẹ̀rọ tí a tún un tàn, orúkọ lè pààrọ̀, ó sì ti pààrọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti pàṣẹ pé kí ó bu òfìfo inú dísíkì tuntun, kí ó fi bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Dd kì í béèrè bóyá ó dá ọ lójú. Ìránṣẹ́ tí kì í jiyàn ni; ohun tí o bá ní kí ó ṣe ni yóò ṣe. Èmi lọ jẹ ẹ̀bà ní tèmi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì kí ó tó parí, nígbà tí mo sì padà dé, dísíkì méjèèjì mọ́ bí sílétì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Mo tọ Ọ̀gá lọ, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Tíṣà, àwọn máàkì náà ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, wọ́n ti lọ." Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi í sórí tábìlì, wọn kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí mo ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n yá mi ní ripọ́ọ̀tì káàdì ọmọ wọn. Ìyá kan yọ tirẹ̀ láti abẹ́ àpótí aṣọ, eku ti jẹ igun kan. Ó ní, "Tíṣà, èyí tí eku jẹ kù nìyí o. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ sọ pé kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé?" Mo rí ti ọmọ 97 gbà. Àwọn 15 tí ó kù tún ìdánwò ṣe. Ọmọkùnrin kan nínú wọn, tí mo rántí dájúdájú pé ó gba 78 nínú ìṣirò, gba 51 lẹ́ẹ̀kejì. N kò lè fún un ní 78 láti inú orí mi, nítorí kò sí ìwé tí mo lè fi hàn. Ó ní, "Kò burú, sà," ó sì padà sí àyè rẹ̀.

Wàyí o, àbúrò mi tí o kọ̀wé sí mi. Bí o bá fẹ́ lo dd, má gbẹ́kẹ̀ lé sda tàbí sdb. Ní ìṣẹ́jú tí o fẹ́ pàṣẹ gan-an, tẹ lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL, kí o sì fi nọ́ńbà tí ó bá jáde wé èyí tí a tẹ̀ sára dísíkì. Nọ́ńbà yẹn kì í pààrọ̀. If ni ibi tí a ti ń bù, of ni ibi tí a ń dà á sí. Má sì ṣe ẹ̀dà dísíkì tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ìgbà tí a ń ya fọ́tò ọmọ tí ń sáré ni. Fíláàṣì ni kí o fi tan ẹ̀rọ.

O lè da gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo lórí dísíkì mìíràn, ṣùgbọ́n dd a máa kó ibi tí ó ṣófo mọ́ ibi tí ó kún, tí ó fi jẹ́ pé dísíkì 500 GB yóò gba àyè 500 GB. Bí ibi tí o ń kó o sí bá sì jẹ́ FAT32, bí ọ̀pọ̀ fíláàṣì ti rí, kò lè gba fáìlì tí ó tó 4 GB.

Nítorí náà ni mo fi fẹ́ràn Clonezilla, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Taiwan, tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí iṣẹ́ wà nìkan ni ó ń kó, ó sì ń fún un pọ̀ kí ó lè kéré. Kí ó tó da ẹ̀dà padà sórí dísíkì, ó máa ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá ọ lójú. Ẹ wo bí ìbéèrè méjì yẹn ì bá ti wúlò fún mi! Kìkì pé dísíkì tí o ń dà á padà sí kò gbọdọ̀ kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí dísíkì bá ti ń dún bí tiwa ti dún, fi dd sílẹ̀, fi Clonezilla sílẹ̀. GNU ddrescue ni kí o lò. Ibi tí ó ṣì dára ni yóò kọ́kọ́ kó, yóò kọ ibi tí ó bàjẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò padà wá gbìyànjú níbẹ̀.

Àwọn kan kì í fẹ́ fáìlì, wọ́n fẹ́ da dísíkì kan sórí èkejì tààrà. Ìbejì nìyẹn. Ohun tí Táyé ń jẹ́ ni Kẹ́hìndé ń jẹ́, títí kan UUID tí Linux fi ń mọ wọ́n. Bí o bá fi méjèèjì sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, o lè tan Kẹ́hìndé láìmọ̀, kí o rò pé Táyé ni. Yọ ọ̀kan. Bí o bá sì ti ara kọ̀ǹpútà kan bí àwọn méjì yòókù, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, sọ inú fáìlì /etc/machine-id di òfìfo kí ó lè ṣe tuntun nígbà tí ó bá tún tàn, kí o sì ṣe kọ́kọ́rọ́ SSH tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí o bá ń lò ó.

Lẹ́yìn èyí ni kí o dán ẹ̀dà náà wò. Ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń da tiwa sórí dísíkì àlòkù kan tí mo kọ "ÌDÁNWÒ" sí lára pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Mo ṣe é ní Sátidé tí ó kọjá. Ẹ̀rọ tàn. Mo ṣí fáìlì máàkì, mo ka àwọn ọmọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, 134. Mo tún wọn kà.